Ọkọ̀ Ìgbòkun Nínú Àgbàlá Wa ní Ọ̀wọ̀

Nígbà tí ọkọ mi kú, wọ́n gé díẹ̀ nínú irun orí rẹ̀, wọ́n sì gé èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló gé e, kì í ṣe èmi. Ó dì í sínú aṣọ funfun kékeré kan, ó so ó, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi rí bí a ó ṣe mú un lọ sílé. Bí ènìyàn bá kú sí ìdálẹ̀ tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ relé, ohun tí a máa ń ṣe nìyẹn. Irun àti èékánná ni yóò lọ dípò rẹ̀, wọn á sin ín sí ilẹ̀ baba rẹ̀, kí ó má baà di ẹni tó sọnù.

Ìṣòro tiwa ni pé ilẹ̀ baba rẹ̀ kò sí mọ́. Ìlàjẹ ni ọkọ mi, ọmọ abúlé kan létí òkun. Òkun ti ń jẹ abúlé náà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà àkọ́kọ́ tó mú mi lọ han àwọn ènìyàn rẹ̀, ilé méjì ló wà láàárín ilé baba rẹ̀ àti omi. Nígbà tí a gbé ọmọ wa lọ kí wọ́n, ilé baba rẹ̀ ló kángun sí omi, ìyá ọkọ mi sì ń fi àpò iyanrìn dí ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi fi máa kú, ibi tí ilé náà wà, títí kan ibi tí a sin bàbá àti ìyá rẹ̀ sí, ti di inú òkun. Àwọn tó kù lára ìdílé náà ti kó lọ sẹ́yìn, sínú ilé onípákó tí wọ́n gbé ró sórí ọ̀sà. Kò sí ilẹ̀ tí a lè gbẹ́ sàréè sí. Ìdí nìyẹn tí a fi sin ín sí Ọ̀wọ̀, ìlú tèmi, níbi tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ní ìtẹ́ òkú ìjọ wa.

Inú agolo mílíìkì oníderí kan ni mo fi aṣọ funfun náà sí. Mo gbé agolo náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, lẹ́yìn àwọn aṣọ tí n kì í sábà wọ̀. N kò tú u wò rí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, ọkùnrin ni. Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún dáadáa nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Mo jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà nítorí ọmọ, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, mo máa ń tẹ̀lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn kíláàsì, kì í ṣe ẹnu géètì. Bí ó bá fẹ́ lọ sí oko kòkó wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, n kò ní jẹ́ kó gun ọ̀kadà àfi bí mo bá mọ ẹni tó ń wà á. Ní ti omi, n kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo lè fi ṣàlàyé rẹ̀. Mo ti rí ohun tí omi ṣe fún ilé tí kò sáré, tí kò lúwẹ̀ẹ́, tó kàn dúró jẹ́ẹ́ sí àyè rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí ọkọ mi pè wá pé kí á wá gba ogún. Ogún kékeré ni. Ohun tí òkun fi sílẹ̀ ni wọ́n ń pín: àwọ̀n, ìkòkò irin kan, àti ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ kan tí bàbá wọn fi ń kó ẹja gbígbẹ lọ sọ́jà lórí ọ̀sà kí ẹ́ńjìnnì tó gbòde. Wọ́n dojú ọkọ̀ náà dé sábẹ́ ilé onípákó tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé. Ìdajì rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, omi sì ń bò ó, ó ń padà lẹ́yìn rẹ̀ láràárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ti ọmọ mi ni.

Ọmọ mi rìn yí i ká. Ó tẹ̀ pákó rẹ̀, ó fi ìka ha dúdú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ọkọ̀ yìí ló máa gbé Dádì lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wà, pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo a ó dé ibi tí ilé náà wà, a ó fi aṣọ funfun náà sílẹ̀ fún omi tó gba ilé, a ó sì padà wá jẹun ọ̀sán. Ọmọ mi kò gbà. Ó ní bàbá òun kò lè jẹ́ èrò inú ọkọ̀ háyà lọ sí ilé baba ara rẹ̀. Ó ní òun á tún èyí ṣe.

Èmi ni mo sọ pé bí yóò bá tún un ṣe, Ọ̀wọ̀ ni yóò ti tún un ṣe. Mo to ìdí mi kalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀wọ̀ ni pákó wà, àwọn ibi ìlagi wà lójú títì, àwọn ègé tí wọ́n ń kó dànù níbẹ̀ tó láti fi tún ọkọ̀ ṣe. Ọ̀wọ̀ ni káfíńtà tí a mọ̀ wà. Ọ̀wọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa rí owó tí yóò ná sí i. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó ṣáájú wọn, tí n kò tò mọ́ wọn, ni pé nígbà tí ọmọ mi bá ń fá igi nínú àgbàlá mi, ojú mi tó o.

Àwọn lọ́rì tó ń kó pákó láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Igbókòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ máa ń padà lófìfo. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọkọ̀ náà bọ̀ fún wa lówó pọ́ọ́kú. Ó gba géètì wọlé ní ìfẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn tí a ti yọ ìyẹ́ géètì kan. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, opó bíi tèmi, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ ó ń wò wá.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé Ọlọ́run ti bá yín sọ̀rọ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí òjò náà máa bẹ̀rẹ̀, kí n lè tètè kó ẹ̀gẹ́ mi wọlé."

Ọmọ mi dá a lóhùn láti abẹ́ ọkọ̀ pé, "Méjì-méjì là ń gbà wọlé o, Màmá. Ẹ lọ mú ẹnìkejì yín wá."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rín jáde nínú àgbàlá yẹn láti ọjọ́ ìsìnkú.

Káfíńtà wa jẹ́ Mùsùlùmí àárín ìlú, àgbàlagbà. Òun ló kan ilẹ̀kùn tó pọ̀ jù ládùúgbò wa, kò sì sí èyí tó wọ́ nínú wọn. Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká, ó fi ẹ̀yìn ìka kan án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn onílé, ó sì mi orí. Ó ní igi náà ti mu omi yó. Ó ní igi tutù kò ṣeé kàn, pé bí a bá kàn án báyìí, nígbà tó bá gbẹ yóò wọ́, ìṣó yóò sì tú. Kò sí ẹni tó lè jiyàn pẹ̀lú ìyẹn. Gbogbo wa ní Ọ̀wọ̀ la mọ̀ pé pákó gbọ́dọ̀ gbẹ kí á tó fọwọ́ kàn án. Bí o bá ra pákó, wàá tò ó sí abẹ́ òrùlé, wàá fi igi tínínrín sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, wàá sì dúró. Ẹni tí kò lè dúró ni ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé.

Torí náà a dúró. A fi páànù àtijọ́ tí a ṣí kúrò lórí ilé ìdáná ṣe àtíbàbà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, a gbé ọkọ̀ náà sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ń ha ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó ń fa ìṣó tó ti dípẹtà yọ. Èmi ń ṣa ìṣó tuntun sí agolo-agolo, gígùn sí ọ̀tọ̀, kúkúrú sí ọ̀tọ̀, nítorí iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba títí di òní, n kò sì lè wo ohun tó dàrú kí n fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Àlàfo yọ láàárín pákó kan àti èkejì. Káfíńtà fi ọ̀bẹ bọ inú àlàfo náà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ó ti ń jáde. Omi ti ń jáde."

Láti inú àwọn àlàfo náà ni a ti ń fa ohun dúdú kan yọ, òwú tí wọ́n lọ́ tí wọ́n sì rì sínú ọ̀dà. Ó ti gan, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ ẹ́, ó ṣì ń rọ̀. Káfíńtà gbé e dání, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Òwú," ó ní. "Òwú ni wọ́n fi dí ọkọ̀. Ẹ̀yin ará omi yìí, ojú pọ́n yín o."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn bàbá àgbà òun kò rí ohun tó dára jù ú lọ ni. Èrò gbogbo wa nìyẹn, pé àìní ló fà á. A kó gbogbo òwú náà sínú àpò, a sun ún lẹ́yìn ilé.

Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn àti èyí tó tẹ̀lé e la fi ṣe iṣẹ́ náà. Pákó ìdí tó ti rà, ègé ìrókò láti ibi ìlagi ni a fi rọ́pò rẹ̀. Igi inú ọkọ̀, àwọn tó tẹ̀ bí egungun ìhà tí a ń kan pákó mọ́, méjì ti kán, wọn kò sì ṣeé gé láti ara pákó títọ́. Ẹ̀ka tó tẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ wá. Ọmọ mi lọ sí Imeri, ní oko ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan, ó ń wo òkè igi kiri bí ẹni ń wá oyin títí ó fi rí ẹ̀ka ayùnrẹ́ tó bá a mu. N kò jẹ́ kó gùn ún. Mo bá a lọ, mo sì san owó fún ẹni tó gùn ún.

Ìgbòkun ni mo ṣe. Aṣọ ìgbòkun gidi kọjá agbára wa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdìbò, bánà àwọn olóṣèlú máa ń wà lórí òpó títí yóò fi ya. Ọmọ mi tọrọ mélòó kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi kò lè gún un, torí náà abẹ́rẹ́ àwọn tó ń rán bàtà ni mo fi rán an lọ́wọ́. A dojú àwọn olóṣèlú náà délẹ̀ sí apá inú, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ràn sí i láti ẹ̀yìn, ojú ọkùnrin kan ṣì ń hàn tó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu, pé ó pẹ́ tí ọkùnrin náà ti ń ṣèlérí pé òun á ṣiṣẹ́ fún mẹ̀kúnnù.

Lálẹ́, bí ó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, a máa ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Ó ń bi mí léèrè nípa bàbá rẹ̀, ohun tí kò bi mí rí. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń sùn láìborí nígbà òtútù. Ìdí tí kò fi kọ́ òun ní èdè Ìlàjẹ. Mo sọ fún un pé èmi ni èdè Ọ̀wọ̀ rọrùn fún, ọkọ mi sì ń bá mi sọ èyí tó rọrùn fún mi. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi yanrìn-pépà ra pákó.

Ó ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó ń bi í léèrè. Báwo ni òpó ìgbòkun ṣe gùn tó? Níbo ni ìdí rẹ̀ ń wọ̀ sí? Ohun tó bá bi í ni bàbá náà ń dáhùn. Kò bi í léèrè nípa àlàfo àárín pákó, nítorí káfíńtà ti mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Àtè líle tí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe fi ń dí ihò ni ó lò, èyí tí wọ́n ń po pọ̀ tó sì ń le bí òkúta. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé jinlẹ̀. Ọyẹ́ kejì dé, igi tún sún díẹ̀, àlàfo tún ṣí, ó tún fi àtè dí wọn. Nígbà tó ra á tó dán, ìka kò lè mọ ibi tí pákó kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹ̀kán omi kan tó kan ọkọ̀ náà láàárín gbogbo àkókò yẹn. Èmi ni mo rí sí i. Mo máa ń gbọ́ òjò kí ó tó dé orí páànù, mo sì ti ń fa tapólì bò ó. Mo lé adìyẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi sọ pé ó ti parí, mo sọ pé kò tíì parí, pé ọ̀dà apá ọ̀tún kò dọ́gba. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún rí ibi kan létí ìdí òpó tó rí gbágungbàgun díẹ̀. Ó ra á. Nígbà tí mo sọ ti ẹ̀kẹta, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Màmá," ó ní, "kí lẹ̀ ń dúró dè?"

Mo ní mo fẹ́ kó dára ni. Ó ní ó ti dára. Ó ní Dádì ti pẹ́ jù nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ètò rẹ̀ ni pé kí á kọ́kọ́ dán an wò nínú odò Ọ̀sẹ̀ kí lọ́rì tó gbé e lọ sísàlẹ̀. Ìbátan mi kan ní oko létí odò náà, lọ́nà Imoru, níbi tí omi ti fẹ̀ díẹ̀ tó sì ń lọ jẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yóò wá láti Ìlàjẹ wá wò ó, òun àti ọmọ mi yóò sì jọ bá lọ́rì padà. Mo gbé agolo mílíìkì náà dání láti ilé, nítorí bí wọ́n bá ti ibẹ̀ kọjá lọ, a gbọ́dọ̀ fà á lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà wọ omi, ó sì léfòó. Káfíńtà bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó. Ó gbẹ bí ilẹ̀ pálọ̀." Omi kankan kò wọlé. A so ó mọ́ igi, a sì sùn sí abà ìbátan mi, à ń dúró de ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹni tí mọ́tò tó wọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kì í ṣe igbe ńlá. Ó ń dún bí ilé onípákó ṣe máa ń dún bí oòrùn bá wọ̀. Káfíńtà ní ó ń wá ìjókòó rẹ̀ ni. Ọmọ mi wà á lọ, ó wà á bọ̀ nítòsí etí odò, èmi sì dúró níbi tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ mi, n kò jókòó.

Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé. Ọmọ mi wà láàárín odò nígbà náà. Ó ta ìgbòkun nítorí kí bàbá náà lè rí i bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti inú oko. Atẹ́gùn kò pọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ náà kún díẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń lọ. Mo rí ojú bàbá náà nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Ó rí ọkọ̀ baba rẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń juwọ́, ó ń ké pé kó bọ́ sílẹ̀, kó bọ́ sílẹ̀.

Ohun kan dún bí ìgbà tí igi bá dá nínú igbó. Pákó kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jáde kúrò lára ọkọ̀, gígùn rẹ̀ lódindi, ìṣó rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Omi wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Òpó ìgbòkun dùbúlẹ̀. N kò rí ọmọ mi.

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé káfíńtà dì mí mú lọ́wọ́ méjèèjì kí n má baà wọ inú omi. Nígbà tí mo tún rí orí ọmọ mi, ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí òdì-kejì, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ lúwẹ̀ẹ́ láìsọ fún mi. Ó fa ara rẹ̀ jáde sórí koríko, ó dìde dúró, ó sì yíjú wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀.

Mo wólẹ̀ lórí eékún mi nínú ẹrẹ̀. Mo ń sọ ọ́ sókè pé, "Olúwa, o ṣeun. Olúwa, o ṣeun." Mo ń sọ ọ́ léraléra. Omi máa ń gbé ohùn. Ó gbé tèmi dé òdì-kejì, mo sì rí i tí ọmọ mi gbé ojú kúrò lára ọkọ̀ náà, tó wò mí.

Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ apẹja kékeré kan gbé e padà, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó jẹ́ kí n dì mọ́ òun. Ó ní, "Mo gbọ́ yín, Màmá." Lójú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tó ń rì ni mo ti ń dúpẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti fa pákó tó jáde náà sí etí omi. Ó jókòó sílẹ̀ tì í. Ó fi èékánná tẹ àtè náà, kò rọ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú.

"Ta ló ń dí ọkọ̀ pa báyìí?" ó ní. "Igi máa ń mu omi. Bí ó bá mu ún, á wú. Òwú ló máa ń fún un láyè kó wú. Ẹ ò fi àyè sílẹ̀ fún un, ó wá ń ti ara rẹ̀."

Káfíńtà ní, "Ó gbẹ ni, Bàbá. A jẹ́ kó gbẹ dáadáa."

"A kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbẹ," ni bàbá náà sọ. Lẹ́yìn náà ló bo ojú rẹ̀. Ó ní òun ló yẹ kí òun sọ fún wa, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ pé ó jẹ́ ohun tí ènìyàn ń sọ. Ọmọdé tó ń rá lọ́dọ̀ wọn mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dojú rẹ̀ dé sínú ẹrẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àwa rò pé wọ́n pa á tì ni, àṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀.

Káfíńtà ṣa ìṣó tó lè ṣa láti ara pákó náà, ó ń tọ́ wọn lórí òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó fẹ́ lò wọ́n. Ó sọ fún mi pé, "Ilẹ̀kùn ni mo mọ̀, Ìyá wa." Mo ní mo mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ọmọ mi sọ pé òun á bá ẹ̀gbọ́n bàbá òun lọ. Wọ́n á lo ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ó sọ ọ́ láìwo ojú mi, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Mo sọ pé kó jẹ́ kí á padà sí Ọ̀wọ̀ ná, kó sinmi, kó mu oògùn òtútù, omi tó mu nínú odò náà kò mọ́. Mo sọ pé jẹnẹrétọ̀ àwọn ènìyàn wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí, ó sì ń so okùn bàtà kejì.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi na ọwọ́ méjèèjì. Mo ṣí agolo náà, mo sì mú aṣọ funfun náà jáde. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Mo bi í bóyá gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ, bóyá n kò lè mú díẹ̀ kù sọ́dọ̀ mi.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ènìyàn kì í lọ sílé ní ìdajì."

Mo gbé e fún un. Ọmọ mi ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sí àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì àpò náà pa. Mo tún un tẹ̀ wò bóyá ó pa dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ.

Ó pè mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dára, ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní wọ́n ti ṣe é. Ó ní àwọn lọ ní àfẹ̀mọ́jú, nígbà tí òkun ṣì rọ̀. Kò sí òpó, kò sí orí igi kankan tó yọ, omi lásán ni ibi gbogbo. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wo etíkun, ó wo ojú ọ̀run, ó ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ibí ni pálọ̀. Ọmọ mi bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní ta ni kì í mọ pálọ̀ baba rẹ̀.

Mo bi ọmọ mi ní ìgbà tó ń padà bọ̀. Ó ní òun á ṣì wà níbẹ̀. Bàbá náà ti darúgbó, àwọn tó mọ ọkọ̀ kàn kò pọ̀ mọ́, òun sì ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n fún ọ̀rẹ́ òun ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo bi í ibi tó ń sùn sí. Ó ní orí ọ̀sà, pé bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ á rí omi láàárín pákó ilẹ̀. Mo bi í bóyá ó ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ó ní ó ní.

Lẹ́yìn náà ni mo bi í léèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní etí odò, ìdí tí n kò fi lè jẹun dáadáa. Mo ní, "Ṣé aṣọ funfun náà rì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?"

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Mo pè é, mo tún pè é.

"Rárá," ó ní. "Ó léfòó díẹ̀, Màmá."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A dúró tì í."